Ọjọ́ Tí Wọ́n Gbé Táyà Wá Nítorí Ajá

Igbe ajá náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo sì rò pé èèyàn ni. Mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Pápá Àjàó, ní Mushin, mo ń ṣàlàyé fún ìyá àgbà kan bí yóò ṣe lo oògùn ibà, ni igbe kan bá ta láti ìta bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya. Ìyá náà di tábìlì mi mú.

"Ta ni wọ́n ń pa yẹn?"

Mo sáré jáde.

Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ríwáyà là ń pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gbé ìrẹsì rẹ̀ lé orí ọkọ̀ kan tó ń tún ṣe, ó lọ fọ ọwọ́ tó kún fún gírísì, kó tó padà dé, ajá kan ti gbé ẹran inú rẹ̀ lọ. Abo ajá pupa ni, kò sẹ́ni tó ni ín. Gbogbo wa là ń ju eegun sí i, abẹ́ ọkọ̀ kan tó ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà láti ọjọ́ pípẹ́ ló sì bímọ sí. Ríwáyà mú un, ó fi wáyà so ó mọ́ òpó iná, ó mú páìpù irin.

Nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti ṣẹ́. Eegun funfun ti yọ síta lára awọ. Ó ń fi mẹ́ta tó kù yí òpó po, bó sì ṣe ń yí ni wáyà ń fún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ àti ìfófòó ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin náà ń lù ú bí ẹni ń gún iyán.

"Ríwáyà! Ó tó!"

"Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ fi mí lẹ̀ jàre! Ojoojúmọ́ ló ń jí mi lẹ́ran!"

Mo gbá páìpù náà mú. Ó fà á gbà lọ́wọ́ mi, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ojú ajá náà kan sì fọ́. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Ìyàwó Ríwáyà ló wá gbá a mọ́ra láti ẹ̀yìn, tó ń pariwo pé, "Ọkọ mi, ẹ dákun, ẹ ṣíwọ́! Ẹran lásán nítorí Ọlọ́run!" Ọwọ́ rẹ̀ wá rọ̀. Ó ju páìpù sílẹ̀, ó jókòó sórí táyà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la tú wáyà. Ajá náà wọ́ ara rẹ̀ lọ sábẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì fa ìlà tẹ̀ lé e.

A kò mọ̀ pé ẹnì kan ti dúró sí bákónì òkè, tó ń fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, fídíò náà ti kárí ayé. Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn fi ránṣẹ́ sí mi. "Màámi, ṣé kì í ṣe àdúgbò wa nìyí?" Mo ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n gbére. Ẹ ṣẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà. Ẹ dáná sun ún. Èèyàn tó kọ èyí tó kẹ́yìn fi àwòrán ara rẹ̀ síbẹ̀, ó gbé ọmọ ọwọ́ dání, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí jíìpù kan fi dé. Obìnrin kan, ọmọ bí ọgbọ̀n ọdún, bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọkùnrin méjì, àwòrán ẹsẹ̀ ajá wà láyà aṣọ wọn. Ẹgbẹ́ tó ń gba ẹran ọ̀sìn sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyà ni wọ́n. Surulere ni wọ́n ti wá. Obìnrin náà dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ẹlẹ́gbin, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń ba ajá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo fún un ní bándéèjì àti oògùn apakòkòrò. Ó gba nọ́ńbà mi, ó fún mi ní tirẹ̀, ó ní òun yóò padà wá kó àwọn ọmọ ajá náà bí wọ́n bá rí ibi tó gbà wọ́n.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ajá wọ inú jíìpù ni ariwo bá sọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti pé jọ. Àwọn kan jẹ́ ọmọ àdúgbò wa, àwọn kan n kò rí wọn rí. Wọ́n wọ́ Ríwáyà jáde lábẹ́ ọkọ̀ tó ń tún ṣe, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi fà á. Orí rẹ̀ ń gbá ilẹ̀. Wọ́n ya aṣọ rẹ̀ títí ó fi ku ṣòkòtò péńpé. Ẹnì kan fi pákó gbá a lẹ́yìn, pákó náà sì kán sí méjì. Ẹlòmíràn ti rí páìpù àná, ó fi fọ́ ọ lójúgun. Mo gbọ́ kó! Ríwáyà bú bí màlúù.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́? Ajá náà ńkọ́?"

Wọ́n yí táyà kan dé, wọ́n sì fi kọ́ ọ lọ́rùn. Epo bẹntiróò dé nínú ike omi. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ yìí, mo mọ ilé ọtí tí wọ́n ti ń jẹ ẹran ajá. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ ajá náà bẹ́ jáde nínú jíìpù, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé, "Ẹ má pa á! Ọlọ́pàá la pè! Ẹ má pa á!" Wọ́n tì í sẹ́yìn. Fóònù ni ọ̀pọ̀ wọn gbé sókè.

Ìyàwó Ríwáyà ló wọ àárín wọn, tó dùbúlẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ lórí. Kò sunkún, kò bẹ̀bẹ̀. Ó fi apá méjèèjì wé e mọ́ táyà, ó sì di ojú. Wọ́n lù ú lójú, wọ́n sì da bẹntiróò sí àwọn méjèèjì lára. Ẹni tó mú ìṣáná dúró, ó ń wo àwọn yòókù. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣe dé nìyẹn, wọ́n yìnbọn sókè, èrò sì tú ká. Wọ́n gbé Ríwáyà jù sẹ́yìn ọkọ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ kan wàyí.

Ní ọjà Yaba ni obìnrin kan tó ń gbé ní ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù mi ti ń ta aṣọ ọmọdé. Ìyá aláṣọ là ń pè é. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ìjọ rẹ̀ ni, bí ẹnì kan bá bímọ ládùúgbò, òun ni yóò kọ́kọ́ gbé omi gbígbóná dé. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí àbúrò náà ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ fúnra rẹ̀ ń wa ọkọ̀ àjò láti Jíbówú, ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó wálé. Ọmọbìnrin ni ọmọ náà, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ.

Ṣáájú ọ̀rọ̀ ajá yìí ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti ra oògùn egbò. Bó ṣe na ọwọ́ ni ọrùn aṣọ rẹ̀ fà sẹ́yìn. Mo rí àpá imú áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń lọ aṣọ lẹ́yìn èjìká rẹ̀, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ilé iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú àwọn ihò kéékèèké tí ooru ń gbà jáde. Omi ń sun lára rẹ̀.

"Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

"Mo ṣubú lé e ni, mà."

"O fi ẹ̀yìn ṣubú lé áyọ́ọ̀nù?"

Ó wo ilẹ̀. "Mo tọ̀ sílé ni, mà."

Mo lọ bá Ìyá aláṣọ. Ó fi àga fún mi, ó fi omi fún mi. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tójú mi ń rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì! Ṣé n máa wò ó ni? Bó bá dé ilé ọkọ tó ń tọ̀, ṣebí èmi ni wọ́n máa bú." Mo lọ bá alága àdúgbò. Ó ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la ó fi fà á mọ́ra.

"Bàbá, mo ti rí tòsì. Ọwọ́ ọ̀tún wo ló fi fà á mọ́ra?"

Ó bínú. "Wọn ò na ìwọ ni? Ṣé o ò dèèyàn ni?"

Ní téṣàn, ọlọ́pàá tó wà níbi tábìlì kò gbé ojú sókè kúrò lára fóònù rẹ̀. "Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i, mà? Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé." Téṣàn yìí kan náà ni ọkọ̀ tó wá gbé Ríwáyà ti wá.

Lóòótọ́, wọ́n nà mí. Olùkọ́ ni bàbá mi ní Yaba, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì pọ́ńbélé, ó sì máa ń nà wá títí aṣọ yóò fi lẹ̀ mọ́ wa lẹ́yìn. Ọkùnrin yìí kan náà ló sunkún bí ọmọdé nígbà tí mọ́tò tẹ ológbò rẹ̀ pa. Ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbẹ́ ilẹ̀ fún un lábẹ́ igi ọsàn, ó sì ní kí a kọ orin. A kọ ọ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi dọ́la. Síbẹ̀, nígbà tí alága bi mí bóyá n kò dèèyàn, orin ológbò yẹn ni mo rántí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lu Ríwáyà kò tíì parí nígbà tí igbe tún sọ, ní ilé Ìyá aláṣọ. Ọ̀sán gangan ni. Oòrùn mú, àdúgbò kún. Igbe náà kì í ṣe ti ọmọ tí wọ́n ń nà. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn bíi tèmi mọ ìyàtọ̀. Ó ń lọ sókè, ó ń já, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń dirun níwájú ilé wọn yí ohùn rédíò rẹ̀ sókè. Àwọn ọmọkùnrin tó ń ta lúdò lórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo mọ̀ wọ́n. Ẹni tó mú ìṣáná wà láàárín wọn.

"Ẹ dìde! Ẹ ò gbọ́ ni?"

"Àǹtí, ẹ jókòó jàre," ọ̀kan wí, kò tilẹ̀ bú mi. "Ìyá ń kọ́ ọmọ ẹ̀ ni."

Èmi nìkan ni mo wọlé. Ilẹ̀kùn wọn wà ní títì. Ọmọ odó kan dúró ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e, mo fi gbá ilẹ̀kùn níbi tí kọ́kọ́rọ́ wà títí ó fi já wọlé.

Ìyá aláṣọ ti fi ìborùn so ọwọ́ ọmọ náà méjèèjì mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ata lílọ̀ wà lójú rẹ̀, ó pupa dé àyà. Áyọ́ọ̀nù wà lára iná. Itan ọmọ náà ti bó, awọ rẹ̀ ká jọ bí ọ̀rá tí iná rà. Òórùn yẹn ṣì máa ń jí mi.

"Jáde nílé mi!" Ìyá aláṣọ yíjú sí mi pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù náà lọ́wọ́, ó sì tì í mọ́ mi. Mo fi apá gbà á. Mo gbọ́ bí ara mi ṣe ń dún bí ẹran inú epo. Mo pariwo, mo gbé ọmọ odó sókè, mo sì sọ ọ́ lé e léjìká. Ó ṣubú. Ó dáwọ́ bo orí, ó ń wí pé, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, Jésù, Àǹtí nọ́ọ̀sì!" Mo tún gbé ọmọ odó náà sókè. Orí rẹ̀ ni mo ń wò. Ó wù mí kí n fọ́ ọ. Ó dùn mọ́ mi nínú bí ó ṣe ń gbọ̀n, ẹ̀rù ara mi sì bà mí ju ti áyọ́ọ̀nù lọ. Ọmọ náà ni kò jẹ́. Ojú rẹ̀ ti dí fún ata, kò ríran, ó sì ń pariwo ní tirẹ̀ pé, "Mi ò ní tọ̀ mọ́, mà! Mi ò ní tọ̀ mọ́!" Mo ju ọmọ odó sílẹ̀, mo tú ọmọ náà, mo gbé e jáde sí oòrùn.

Àwọn èèyàn dìde báyìí. Wọ́n wá wò. Obìnrin kan ní, "Ye! Èyí ti pọ̀jù." Ẹlòmíràn ní, "Àbí ó jalè ni?" Bàbá kan ní kí n gbé e padà wọlé, kí àwọn àlejò má baà rí i. Ọmọ náà kò lè jókòó, mo gbé e dùbúlẹ̀ ní àyà rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì lúdò.

Ìyàwó Ríwáyà ló la àárín wọn kọjá pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ọgbẹ́ ìlùkulù ṣì wà lójú òun náà. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sí ojú ọmọ náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde, tó wo àwọn ọmọkùnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Táyà dà?"

Ẹni tó mú ìṣáná fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀.

"Mo ní táyà dà? Ẹ̀yin ọkùnrin àdúgbò! Ẹ lọ gbé e wá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ da bẹntiróò sí mi lára nítorí ajá, ẹ wọlé lọ bá a, ó wà nínú ilé! Ṣé bẹntiróò ti tán ní Mushin ni?"

"Ìyàwó wa, ẹ fara balẹ̀," ẹnì kan wí.

"Má pè mí ní ìyàwó yín!" Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ju ìyókù omi náà lù wọ́n. N kò fẹ́ táyà fún ẹnikẹ́ni, mo sì rò pé òun náà kò fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo rí i pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè wo ojú rẹ̀.

Mo pe obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ ajá. N kò mọ ẹlòmíràn tí mo lè pè. Mo ní, "Ọmọ mi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajá o." Ó ní, "Mà, mò ń bọ̀." Jíìpù yẹn kan náà ni wọ́n fi gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Láti ibẹ̀ ló bá mi lọ sí téṣàn, ó gbé fóònù sókè síwájú ojú ọlọ́pàá, ó ní, "Ẹ tún sọ ọ́, sà, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni." Wọ́n lọ mú Ìyá aláṣọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ ajá náà bo ojú ọmọ náà nínú àwòrán, ó fi ọgbẹ́ rẹ̀ síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì gẹ́gẹ́ bó ṣe fi ti ajá síta. Ó pè mí lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mà, wọ́n ń bi mí pé kí ni ọmọ náà ṣe. Wọ́n ní kí n gbọ́ tẹnu ìyá náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí ajá ṣe."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní méjì, ní mẹ́ta. Alága wá. Pásítọ̀ wá, ó gbàdúrà fún apá mi tó jóná, ó ní kí n dárí jì. Àwọn ìyá ìjọ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù mi. "Ìyá ọlọ́mọ ni, Àǹtí. Èṣù ló lò ó. Ta ló máa tọ́jú àwọn ọmọ tirẹ̀?" Mo bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n dé téṣàn lọ bẹ̀bẹ̀ fún Ríwáyà, tóun náà bímọ. Nígbà tí n kò gbà, wọn kò ra oògùn lọ́dọ̀ mi mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹnì kan fi ìgbẹ́ kun ilẹ̀kùn mi.

Ẹjọ́ Ríwáyà kò pẹ́ rárá. Adájọ́ bá a wí gidigidi, ó ní ẹni tó lè ṣe ẹ̀dá aláìlẹ́nu bẹ́ẹ̀ léwu fún ìlú, ó sì rán an lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀. Ó jẹ̀bi, n kò sọ pé kò jẹ̀bi. Èmi ni mo gbọ́ ìró ojú yẹn. Nígbà tó dé, ẹsẹ̀ tí wọ́n fọ́ kò jinná dáadáa, ó ń tiro. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ìyàwó rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó lọ sí Ijora. Kò sẹ́ni tí wọ́n mú nítorí táyà tí wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn.

Ìyá aláṣọ gba béèlì. Adájọ́ rìnrìn-àjò, lóyà ṣàìsàn, fáìlì kò dé. Ọjọ́ tí wọ́n pè mí wá jẹ́rìí, lóyà rẹ̀ ṣí gíláàsì lójú, ó ní, "Mà, ṣé òótọ́ ni pé ẹ já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn, tí ẹ sì fi ọmọ odó lu obìnrin yìí?"

Mo ní, "Òótọ́ ni."

"Kò sí ìbéèrè mọ́."

Wọ́n tún sún ẹjọ́ náà síwájú. Ó ṣì wà ní kóòtù bí mo ṣe ń kọ èyí. Obìnrin náà ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Yaba, aṣọ òtútù àwọn ọmọ ọwọ́ wà ní ìkọ́ níwájú rẹ̀. Mo kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó rí mi, ó sì yí ojú padà.

Ilé ìtọ́jú ọmọ ti ìjọba ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ, títí wọ́n yóò fi rí ìyá ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ tí mo lọ kí i, obìnrin tó ń ṣọ́ wọn ní ó ti ń sùn dáadáa, pé ó ṣì ń tọ̀ sílé, pé wọ́n kàn ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni. Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ọmọ náà wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń ta tẹ́ń-tẹ́ń, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń fò, wọ́n ń na ẹsẹ̀ síwájú. Ẹsẹ̀ kan kò fẹ́ ká fún un dáadáa, nítorí náà ó ń fi èkejì fò ní ìlọ́po méjì. Ó rí mi. Ó juwọ́ sí mi pé kí n dúró ná, ó sì yíjú padà sí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré, ó ń pariwo pé kò gbọdọ̀ yan òun jẹ.

Mo wá bẹ́ǹṣì kan níbòòji, mo jókòó.